Mo san owó ilé-ìwé ọmọ mi, NELFUND náà tún san án: ta ló yẹ kó gba owó padà?

Ìyá Elélùbọ́ Wazo kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Orúkọ tí ẹ rí lókè yìí ni gbogbo ọjà ń pè mí. Èlùbọ́ àti láfún ni mò ń tà ní Wazo, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí ẹ bá rí àmì ohùn tó ṣì, òun ni kí ẹ bá wí.

Ọmọ mi kejì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà ní ọdún àṣekágbá ní ilé-ìwé gíga ìjọba kan. Kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọmọ náà ò tíì rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, ó pè mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí owó ilé-ìwé lọ́dún yìí, mo ti kọ orúkọ sí NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó." Ó ṣàlàyé pé ìjọba àpapọ̀ ló ń yá wọn, pé kò ní èlé, pé owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ìwé, wọ́n á sì tún máa fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí òun fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Mo béèrè pé ta ló ṣe onídùúró fún un. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Àyà mi já. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ọjà wa, n ò tíì rí ẹ̀yáwó tí kò ní onídùúró rí. Ó ní nọ́ńbà NIN, ti BVN, ti JAMB àti nọ́ńbà matric òun ni wọ́n gbà. Mo ní ó dáa, ayé ti yí.

A wá ń retí. Oṣù kìíní lọ, ìkejì lọ. Lójú portal, ìyẹn ojú ewé NELFUND lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni: pending, pé ó ṣì ń dúró. Ilé-ìwé wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹni tí kò bá tíì sanwó títí di ọjọ́ Jímọ̀ báyìí báyìí, kò ní forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sáà, ẹni tí kò bá sì forúkọ sílẹ̀ kò ní jókòó ìdánwò. Ọmọ mi lọ bá wọn pé òun wà lórí NELFUND. Wọ́n ní owó ìjọba ò tíì dé, àwọn ò lè fi ìlérí san owó iná.

Ẹ gbọ́, ohun tó dùn mí jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Mo ní àpò èlùbọ́ mẹ́ta tí mo gbé pamọ́ de òjò. Ẹni tó bá ń ta èlùbọ́ mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń rà á sílẹ̀, tí iṣu gbígbẹ pọ̀ tí ó sì gbẹ ṣanṣan. Nígbà tí òjò bá wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè sá nǹkan mọ́, ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ ń gorí. Àpò mẹ́ta yẹn ni mo fi ń rówó ìsinmi ọdún. Mo ta méjì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní iye tí wọ́n fẹ́. Kò tó. Mo lọ sí àjẹsẹ́kù, mo gba ₦150,000, pẹ̀lú èlé ₦15,000, tí mo ń san ní ₦16,500 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Owó àpò méjì yẹn ni mo fi san ilé tó ń gbé níbẹ̀, ti àjẹsẹ́kù ni mo fi san owó ilé-ìwé: ₦148,500. Káfè kan ní Takie ni mo ti san án, lórí Remita tí wọ́n fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ó ṣàdéédé ṣí portal NELFUND rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti sanwó. Ọjọ́ tí wọ́n san án sí ilé-ìwé? Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí èmi san tèmi. Oṣù mẹ́ta! Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ fúnra mi. Fèrèsé mẹ́ta ni wọ́n rán mi lọ. Ní èyí tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn dáadáa, Ọlọ́run á bù kún un, ó ní, "Mọ́mì, owó yín ò sọnù, ó wà lórí nọ́ńbà rẹ̀, a ó lò ó fún owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀." Mo ní, ọmọ mi, sáà wo? Ọdún àṣekágbá ló wà. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dákẹ́, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà. Ìgbà kejì tí mo lọ, wọ́n ní lẹ́tà náà wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó lọ ìpàdé ní Àbújá.

Ìbéèrè mi wá rèé. Nínú ìwé ìjọba, ọmọ mi jẹ ₦148,500. Nínú ìwé àjẹsẹ́kù, èmi jẹ ₦150,000. Ilé-ìwé gba méjèèjì. Ṣé òfin wà tó fún wọn láyè láti jókòó lé e bẹ́ẹ̀? Tí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò dá a padà, ṣé ọmọ mi á ṣì san gbèsè náà nígbà tó bá ríṣẹ́? Àti pé, èyí tí ń jí mi lójú oorun: tí mo bá pariwo, ṣé wọn ò ní mú un mọ́ èsì ìdánwò rẹ̀?

—

Jagun47 kọ:

Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru. Owó ìjọba ni. Ta ló máa ń san owó ìjọba padà ní Nàìjíríà yìí? Ẹ fi sílẹ̀, ọmọ ti kàwé.

—

Ìyá Elélùbọ́ Wazo kọ:

Jagun, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tèmi tó wà nínú rẹ̀, ìjọba kọ́ ló ni ín. Ẹ wá bá àwọn alájẹsẹ́kù sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

—

Ọmọ Takie kọ:

Ẹ kú ọjà mà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ṣùgbọ́n tèmi rọrùn torí mo ṣì ku ọdún kan, wọ́n gbé e sí sáà tó tẹ̀ lé e, mi ò sanwó kankan lọ́dún náà. Ti ọmọ yín yàtọ̀, sáà ti parí fún un. Ní 2025, NELFUND fúnra wọn jáde láti sọ pé ilé-ìwé tó bá gba owó lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sanwó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ti akẹ́kọ̀ọ́ náà padà. Kì í ṣe ojú rere ni ẹ ń tọrọ.

Kí ọmọ yín ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní: kó wọlé sí portal, kó ya àwòrán ojú ewé tó sọ iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó fi rìsíìtì Remita yín tì í. Ọjọ́ méjèèjì yẹn, tí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò nílò àlàyé.

Kí ẹ sì ṣọ́ra o. Àwọn kan wà ní káfè tó ń sọ pé àwọn á bá yín "lé refund", kí ẹ mú ₦5,000 wá, kí ẹ sì fún àwọn ní password ọmọ yín. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè password, ẹ sá fún un. Wọ́n á yí nọ́ńbà báńkì tó wà níbẹ̀, ₦20,000 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò ẹlòmíràn.

—

Akọ̀wé Ìṣokùn kọ:

Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú àárẹ̀ ọjà. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ èyí. Kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo ti rí ìwé tó pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà kọ́ ni mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Jagun47, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba irú owó yìí láyé ìjọba Gowon, nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó kàwé jáde, ó di ọ̀gá, kò san án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò san án. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìwé ni wọ́n kọ orúkọ sí, nínú fáìlì, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti ìsinsìnyí, NIN àti BVN ni. Ibi tí ọmọ bá lọ ni gbèsè náà ń bá a lọ. Ẹ má fi ti ìgbà yẹn wọn ti ìsinsìnyí.

Ó dáa, òfin. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin yẹn le. Ẹbí tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún bá ju ₦500,000 lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, onídùúró sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ìpele kejìlá sókè, tàbí lọ́yà tó ti pé ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́. Ta ni alágbàṣe oko mọ̀ tó wà ní ìpele kejìlá? Wọ́n rí i pé kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n tún un ṣe pátápátá, Ààrẹ sì fọwọ́ sí tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìyẹn ló mú onídùúró kúrò. Ọmọ yín ò parọ́ fún yín.

Owó yìí, àwọn ilé-ìwé gíga ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló wà fún. Ajayi Crowther tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ti ìjọ Áńgílíkà ni, kò kàn wọ́n. Sísan rẹ̀ kò yá títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí àgùnbánirọ̀. Ọ̀gá tó bá gbà á síṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà á máa mú ìdá mẹ́wàá èrè rẹ̀ wá. Tí kò bá tíì ríṣẹ́, ó lè fi ìwé ìbúra kóòtù tọrọ àfikún àkókò. Ẹni tó bá kú, gbèsè náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ láti gbà á, ẹ̀wọ̀n ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín á ṣì san gbèsè náà tí ilé-ìwé bá mú owó náà sọ́wọ́. Bí mo ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ni. Àárín ọmọ yín àti NELFUND ni ẹ̀yáwó wà, NELFUND sì ti ṣe tirẹ̀: ó ní òun á san owó ilé-ìwé, ó san án. Ohun tó wà láàárín ọmọ yín àti ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ilé-ìwé gba owó sáà kan lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì kì í ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n ta ló jẹ? Ẹ máa bínú sí mi, Ìyá. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n jẹ. Orúkọ ọmọ ló wà lórí rìsíìtì, nọ́ńbà matric ọmọ ni, ọmọ ti kúrò ní kékeré. Lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn, orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Tó bá jẹ́ tiyín, wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ yín. Ọmọ ni kó kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kó fi nọ́ńbà báńkì tirẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, kó kọ lẹ́tà kejì, èyí tí wọn ò lè sọ pé ó wà ní Àbújá. Òfin kan wà tí a ń pè ní Freedom of Information Act (FOI), ọdún 2011 ni. Ó ní ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un tí ìwé bá pọ̀ láti wá. Tí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, kóòtù lè bu ìtanràn ₦500,000 lé iléeṣẹ́ náà. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ń jiyàn látọjọ́ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kàn wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ parí àríyànjiyàn yẹn: ó kan gbogbo wọn. Kí ọmọ béèrè nǹkan mẹ́ta péré: ọjọ́ wo ni ẹ gba owó NELFUND tó jẹ́ tèmi, èló ni, kí ni ẹ fi ṣe.

Ọmọ ni mo ní, ẹ kíyè sí i. Òfin yìí kan náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Tí ẹ̀yin bá béèrè nípa owó akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lè sọ pé àwọn ò lè tú àṣírí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọn ò sì jẹ̀bi. Tí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè nípa ara rẹ̀, ẹnu wọn á wọ́.

—

Ìyá Elélùbọ́ Wazo kọ:

Baba Akọ̀wé, mi ò bínú. Rárá, ẹ jẹ́ kí n má parọ́, mo bínú díẹ̀. Èmi ni mo ta èlùbọ́! Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn lóòótọ́, mo tilẹ̀ kọ "Ìyá rẹ̀" sí i.

—

Ẹni Bọ́sàrì kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí ẹ ti sọ wá di olè tán. Ọ́fíìsì bọ́sàrì, ìyẹn ọ́fíìsì owó, ní ilé-ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ èwo, kì í ṣe ti ọmọ Mọ́mì.

Bí owó yìí ṣe ń wọlé kò rí bí ẹ ṣe rò. Kì í wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń dé ní òdidi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orúkọ. A ó wá jókòó, a ó fi àkọsílẹ̀ yẹn wé tiwa. Ẹlòmíràn, orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ àti èyí tó wà lórí matric rẹ̀ kò bára mu: Adéwùmí níbí, Wùmí lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn ti kúrò nílé-ìwé. Ẹlòmíràn san ìdajì. Owó tó bá jáde láìṣe pé a yanjú gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò á dé, èmi ni wọ́n á pè, kì í ṣe ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé-ìwé wà tó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lé e. Mi ò ní sẹ́. Owó tó bá dé nígbà tí a jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù, ojú ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó wulẹ̀ jẹ́ pé ẹni méjì péré ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Mọ́mì, gbé-e-lọ-sí-sáà-tó-ń-bọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, kò mọ̀ pé ọmọ yín ti dé òpin. Kí ó kọ ọ́ gàdàgbà sí orí lẹ́tà náà: "Ọdún àṣekágbá." Kó fi ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀ tì í láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kó ṣe é kí ó tó gba ìwé pé kò jẹ ilé-ìwé ní gbèsè, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ á ti padé lórí ẹ̀rọ, ẹ ó wá rí iṣẹ́.

—

Ọmọ Takie kọ:

Ẹni Bọ́sàrì, oṣù mẹ́ta láìsọ fún ọmọ pé owó rẹ̀ dé, NIN kọ́ ló fa ìyẹn o. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kan péré ni, kò tó ₦10.

—

Ẹni Bọ́sàrì kọ:

Ìyẹn, ẹ̀bi wa ni. Mo gbà.

—

Ìyá Elélùbọ́ Wazo kọ:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹni Bọ́sàrì, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò níbí.

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí èsì ìdánwò. Ìyẹn gan-an ni ọmọ náà ń fà sẹ́yìn fún. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí èsì mi." Mo ní tí o bá rí èsì tán wọ́n á ní nọ́ńbà rẹ ti padé, ṣé o ò ka ohun tí wọ́n kọ ni? Ó ní òun mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá wọn jà lórí owó kan, tí máàkì rẹ̀ sọnù.

—

Akọ̀wé Ìṣokùn kọ:

Ẹ̀rù ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Kóòtù ilẹ̀ wa kì í fẹ́ dá sí máàkì. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ọ̀rọ̀ èsì wá, adájọ́ á sọ pé ti ilé-ìwé nìyẹn, kó kọ́kọ́ lo gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ilé-ìwé tán. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ fún àwọn kan ní Ifẹ̀ ní 1985, wọ́n dá wọn padà sílé. Nítorí náà mi ò ní tàn yín jẹ pé tí máàkì bá sọnù, kóòtù á bá yín wá a lọ́la.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjìyà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ máàkì. Ní 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Màídúgùrí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé jáde láìjẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn dáadáa, ilé-ẹjọ́ náà dá wọn láre. Èyí tí kóòtù ò bá lè fojú fò ni pé kí ilé-ìwé fìyà jẹ ọmọ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ ni ìwé. Ẹni tó lọ pariwo lójú fèrèsé, kò sí àkọsílẹ̀ pé ó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó fi lẹ́tà méjì sílẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún un, tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀: tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí máàkì rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn á rí ohun tó ṣáájú. Òǹtẹ̀ yẹn ni kó gbà. Tí wọ́n bá kọ̀ láti lù ú, kó fi ìmeèlì ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà.

Kí ó tó di kóòtù, Public Complaints Commission wà, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í yára bí ẹ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà wọn bá dé orí tábìlì bọ́sàrì, wọ́n máa ń dáhùn rẹ̀.

—

Ìyá Elélùbọ́ Wazo kọ:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá sọ ibi tó dé.

Ọmọ gbà. Àbúrò ọkọ mi bá a kọ lẹ́tà méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ilé mi níbí. A jà lórí gbólóhùn kan: ó fẹ́ kọ "mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín", mo ní kó yọ ọ́, ó ní èdè gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ló ń rí, a fi sílẹ̀ nínú ọ̀kan, a yọ ọ́ nínú èkejì. Èyí tó jẹ́ ti FOI ni a yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ọkùnrin tó wà ní fèrèsé ní àwọn kì í lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà. Ọmọ ní kò burú, òun á fi ìmeèlì ránṣẹ́ kí òun sì kọ orúkọ ọ̀gá náà sí i pé ó kọ̀. Ọkùnrin náà wá béèrè pé kí ni ó wà nínú lẹ́tà. Ó kà á. Ó lọ sínú. Ó jáde, ó lu òǹtẹ̀ sí méjèèjì, ó tún ní kó jókòó.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, ojú ewé kan péré. Wọ́n gba ₦148,500 ní ọjọ́ tí portal sọ. Wọ́n kọ pé "a ti fi kún àpò akẹ́kọ̀ọ́ fún sáà tó ń bọ̀, a ó sì ṣe àtúnṣe gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá". Ẹni Bọ́sàrì, ohun tí ẹ sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kan, ó ti kọ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ sí i, ó ku kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ẹni kan ti fọwọ́ sí i.

Owó ò tíì dé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé lẹ́tà kan ti yanjú ohun gbogbo.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé tí owó náà bá wọ àpò rẹ̀, kí ni yóò fi ṣe, ó ní òun á gbé e fún mi kí n fi san àjẹsẹ́kù. Mo ní, gbèsè tìrẹ ńkọ́? Ó ní ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni tòun. Baba Akọ̀wé, ẹ wo bí ó ṣe mọ ìyẹn lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé mo san ₦16,500 wọn. Ó ku oṣù mẹ́rin. Àpò èlùbọ́ kan tó kù yẹn, mo ti tú u, òjò ti dé. Baba Akọ̀wé, òṣùwọ̀n èlùbọ́ méjì tí ẹ ní kí n bá yín gbé sí mọ́tò Ọ̀yọ́ ń bọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní pẹ̀lú bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, òun ò ní dé títí ọ̀sán, kí ẹ má tètè lọ dúró dè é ní gárèèjì.